Ìtàn bí John Coltrane ṣe dá orin Blue Train sílẹ̀

Oṣù kẹrin ọdún 1957 ni Miles Davis, olórí ẹgbẹ́ olórin jazz, lé John Coltrane tó ń fun saxophone kúrò nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Heroin, oògùn olóró, ló fà á. Ó ti ń mú un tòògbé níwájú èrò. Coltrane forí lé ilé ìyá rẹ̀ ní Philadelphia, ó sì jáwọ́ nínú oògùn náà pátápátá. Nígbà tó yá, ó ní oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ló la òun lójú lọ́dún náà. Mo gbà á gbọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án, ó kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ lọ sí Hackensack, ní New Jersey. Pálọ̀ àwọn òbí Rudy Van Gelder ni wọ́n ti gba orin náà sílẹ̀. Van Gelder yìí ló ń gba ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n lójúmọmọ, ojú ló ń yẹ̀ wò fún àwọn tó fẹ́ lo awò! Blue Note, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àwo orin, ti sanwó ìgbaradì fún àwọn olórin, ó sì hàn nínú bí ohùn wọn ṣe ṣọ̀kan. Lee Morgan tó fun trumpet, ọmọ ọdún 19 péré ni. Curtis Fuller fun trombone, Kenny Drew tẹ pianó, Paul Chambers ta béèsì, Philly Joe Jones lu ìlù.

Blues, orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, pọ́ńbélé ni Blue Train, oníwọ̀n 12: ìwọ̀n 12 ló wà nínú ìpín kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń tún kọ. Fèrè mẹ́ta á jọ lé gbólóhùn kúkúrú kan, ó wúwo bí ìgbà tí wọ́n ń pe èèyàn lóru; pianó á gbè é. Coltrane á wá bọ́ síwájú. Ìgbà tí ara rẹ̀ bá gbóná tán ni Morgan àti Fuller á bẹ̀rẹ̀ sí í gbè lẹ́yìn rẹ̀, gbólóhùn kan náà léraléra. Ibẹ̀ ni mo máa ń dá padà sí.

Blues kò ṣàjèjì sí i. Ó ti bá ẹgbẹ́ Eddie Vinson, olórin blues, fun ún fún àwọn oníjó. Ṣùgbọ́n nínú orin 5 tó wà lórí àwo tó ń jẹ́ Blue Train, òun fúnra rẹ̀ ló kọ 4.

Lọ́dún 1960, akọ̀ròyìn kan ní Stockholm, ní Sweden, bi í pé èwo ló fẹ́ràn jù nínú àwọn àwo rẹ̀. Ó dárúkọ Blue Train, ó ní ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀ dára.