Bí oúnjẹ aláboyún ṣe ń dé ibi tí ọmọ ń kó ìrántí sí

Ibi tí ọpọlọ ń kó ìrántí sí, hippocampus lorúkọ ẹ̀, inú oyún ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, kì í ṣe ìgbà tọ́mọ bá wọ iléèwé. Ohun tí ìyá bá ń jẹ ló ń gbé e ró, àmọ́ èròjà kọ̀ọ̀kan ló nígbà tiẹ̀, èyí tí ò bá sì sí lásìkò, iṣẹ́ ò ní dúró dè é.

Folic acid, ìyẹn fítámì kan, ló yá jù. Tó bá fi máa tó ọjọ́ 28 tí oyún dúró, ibi tí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ti máa jáde ti padé tán, ọ̀pọ̀ obìnrin á ṣì máa rò pé nǹkan oṣù ló kàn pẹ́, ìdí tí wọ́n fi ń ní kẹ́ni tó ń wá ọmọ ti máa lo máíkírógíráàmù 400 lójúmọ́ nìyẹn. Áyódíìnì inú iyọ̀ náà ò gbọ́dọ̀ pẹ́, torí òun lara fi ń ṣe họ́mónù tháírọ́ìdì tó ń mú ọpọlọ dàgbà, títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12, tìyá lọmọ sì ń lò.

Èyí táwọn èèyàn ò kà sí tó ni áyọ́ọ̀nù (iron), tinú oògùn ẹ̀jẹ̀ yẹn. Oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn lọmọ ń kó èyí tó pọ̀ jù pamọ́. Tí kò bá wá tó ńkọ́? Ara ọmọ máa kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀jẹ̀ ná, bí ẹni tówó oṣù ẹ̀ kéré tó sáré san owó ilé, ọpọlọ wá ń jẹ àjẹkù. Wàhálà ibẹ̀ rèé o: wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò kí wọ́n ní ó pé, kí ọpọlọ sì ti máa jìyà lábẹ́lẹ̀. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ àwọn ọmọ tuntun tí ìyá wọn ní ìtọ̀ ṣúgà, ọmọ tí áyọ́ọ̀nù ẹ̀ tó, ọ̀tọ̀ ni bí ọpọlọ ẹ̀ ṣe ń dáhùn sóhùn ìyá ẹ̀, ọ̀tọ̀ ni tohùn àjèjì, àmọ́ lára àwọn tí tiwọn kéré, ìyàtọ̀ yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ hàn, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ìrántí ni kéèyàn dá ohùn mọ̀.

Tí wọ́n bá bímọ tán, kí wọ́n má tètè dè ìwọ́ ọmọ, ó kéré tán ìṣẹ́jú kan, ẹ̀jẹ̀ tó ṣì ń ṣàn wọlé á fi kún áyọ́ọ̀nù ẹ̀. Èyí tó kó pamọ́ máa ń tán ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, wàrà ọmú ò sì ní púpọ̀, nígbà yẹn ló yẹ kí ẹran, ẹ̀wà lílọ̀ àti ẹyin ti máa wọ oúnjẹ ẹ̀.