Ìwádìí lórí PCB nínú àyíká

PCB ni ìkékúrú orúkọ polychlorinated biphenyl, ìyẹn ọ̀wọ́ kẹ́míkà 209 tí kábọ́nì, háídírójìn àti klórínì para pọ̀ di. Wọ́n wà lára àwọn kẹ́míkà olóró tí kì í tètè jẹrà, tí wọ́n sì máa ń kóra jọ sínú ọ̀rá ẹranko àti ti ènìyàn.

Ọdún 1929 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe PCB fún títà ní ìlú Anniston, ní ìpínlẹ̀ Alabama lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Kì í tètè gbiná, iná mànàmáná kì í gba inú rẹ̀ kọjá, ooru kì í sì í tètè bà á jẹ́, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń rọ ọ́ sínú tiransfọ́mà, tí wọ́n sì tún ń pò ó mọ́ ọ̀dà. Ohun kan náà tó mú un wúlò yìí ni kò jẹ́ kó tán nílẹ̀ nígbà tó bá dà nù.

Onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Swídìn, Sören Jensen, ló kọ́kọ́ fi hàn pé PCB ti tàn ká àyíká, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun ló ń wá. Láti ọdún 1964, DDT, oògùn apakòkòrò, ló ń wá lára ènìyàn àti ẹranko. Ẹ̀rọ tó ń lò máa ń ya àwọn kẹ́míkà inú àpòpọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a sì fa ìlà ṣóńṣó kan sórí bébà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà DDT, Jensen ń rí àwọn ìlà mìíràn tí kò mọ̀, ó sì tó nǹkan bí ọdún méjì kó tó mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Ó yẹ ìyẹ́ ẹyẹ idì tí wọ́n ti tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́ wò, ó sì bá kẹ́míkà náà nínú ìyẹ́ àwọn ọdún 1940, kí DDT tó gbòde ní Swídìn. Nítorí náà, kò lè jẹ́ DDT ló yíra padà. Ní 1966 ló kéde àbájáde rẹ̀. Ó rí PCB nínú ẹja, nínú ẹyẹ idì, nínú irun ìyàwó rẹ̀, àti nínú irun ọmọ ọwọ́ rẹ̀, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú ọmú ìyá rẹ̀ ló ti mu ún.

PCB kì í fẹ́ yòrò nínú omi, ọ̀rá ló ń wọ̀. Ẹja kékeré a gbà á láti inú ohun tó ń jẹ, ẹja ńlá a jẹ ẹja kékeré, séèlì, ẹyẹ idì tàbí ènìyàn a sì jẹ ẹja ńlá, tí iye PCB inú ọ̀rá yóò sì máa pọ̀ sí i láti ara ọ̀kan dé ara èkejì. Ní 1976, Jensen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé, ní àríwá Òkun Baltic, abo séèlì tí PCB pọ̀ lára wọn ni ilé ọmọ wọn ń dí, tí wọn kò sì lóyún.

Ní Kánádà, ní àwọn ọdún 1980, olùwádìí ìlera kan, Éric Dewailly, ń wá wàrà ọmú àwọn ìyá tó ń gbé níbi tó jìnnà sí ilé iṣẹ́, kó lè fi wé ti àwọn ará gúúsù Quebec. Ti àwọn obìnrin Inuit, ìyẹn ọmọ onílẹ̀ ibi yìnyín, ní Nunavik ní àríwá Quebec, tó rò pé yóò mọ́ jù, ni PCB inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún ti gúúsù. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé PCB láti ibi tó móoru lọ sí ilẹ̀ yìnyín, àwọn Inuit kò sì ṣe é rí; inú ọ̀rá séèlì àti àbùùbùtán tó jẹ́ oúnjẹ wọn ló ti ń bá wọn.

Ní Japan, ní 1968, PCB jò láti inú páìpù ilé iṣẹ́ kan sínú epo ìrẹsì tí wọ́n fi ń se oúnjẹ, ó sì lé ní ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn tó ṣàìsàn. Irorẹ́ líle bo ara wọn, wọ́n sì bí àwọn ọmọ kan tí àwọ̀ wọn ṣókùnkùn. Ní 2013, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka PCB mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ.

Àdéhùn Stockholm ti 2001, tí Nàìjíríà náà wà nínú rẹ̀, ní kí àwọn orílẹ̀-èdè yọ PCB kúrò lẹ́nu iṣẹ́ títí 2025, kí wọ́n sì palẹ̀ rẹ̀ mọ́ láìséwu títí 2028. Nàìjíríà ti rí ewu yìí tẹ́lẹ̀ ní 1988, nígbà tí àṣírí tú pé wọ́n kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá sí Koko, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Delta báyìí, tí PCB sì wà lára rẹ̀. Lọ́dún náà ni ìjọba ológun gbé òfin kalẹ̀ lórí ìdọ̀tí olóró, tó sì dá FEPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ààbò àyíká, sílẹ̀.

Tiransfọ́mà àtijọ́ ni ibi tí PCB kù sí jù. Àwọn olùwádìí a fa epo díẹ̀ jáde, wọ́n a da kẹ́míkà tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà sí i láti mọ̀ bóyá klórínì wà níbẹ̀. Èyí tó bá fu wọ́n lára ni wọ́n ń gbé lọ sí yàrá àyẹ̀wò, torí klórínì lè ti inú ohun mìíràn wá. Bí PCB bá ju mílígíráàmù 50 lọ nínú kìlógíráàmù epo kan, ewu ni wọ́n kà á sí. Irú epo bẹ́ẹ̀, tí àwọn kan ń jí fà tà, kò gbọdọ̀ dé ìdí agbada àkàrà, kò sì ṣeé dáná sun ní gbangba, torí iná tí kò gbóná tó a máa sọ PCB di kẹ́míkà mìíràn, dibenzofuran, tó lóró jù ú lọ. Ilé ìsun àkànṣe tí ooru rẹ̀ tó ìwọ̀n 1,100 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ń lò.