Kó Tó San Owó Fọ́ọ̀mù

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan wá bá mi ní ọ́fíìsì mi ní Bódìjà. Ọmọ wọn obìnrin ti gboyè àkọ́kọ́ nínú sosiọ́lọ́jì, ó sì fẹ́ ṣe másítà nínú ìmọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn, nítorí ó wù ú láti máa tọ́jú àwọn ọ̀dọ́ tí oògùn olóró ti dè mọ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ bá mi wò ó, Dókítà, ṣé ọ̀nà ibẹ̀ nìyẹn?" Mo ní, "Mà, iṣẹ́ tó wù ú dára púpọ̀, àmọ́ ọ̀nà yẹn kò gbé e débẹ̀." Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló yẹ kí á yà sọ́tọ̀ níhìn-ín: ìmọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn, sàíkọ́lọ́jì, àti ìtọ́jú ọkàn pẹ̀lú ọ̀rọ̀.

Ẹni tó ń kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn ń wádìí ohun tó ń mú kí olè jíjà tàbí ìjà ìgboro pọ̀ ní àdúgbò kan ju òmíràn lọ, bí ọlọ́pàá, ilé ẹjọ́ àti ọgbà ẹ̀wọ̀n ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ohun tó ń dá ẹlẹ́wọ̀n padà sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Àgòdì lẹ́yìn tó ti gba òmìnira. Ìmọ̀ yìí ti ṣìnà rí. Ní 1876, dókítà ará Ítálì kan, Cesare Lombroso, gbé ìwé jáde pé a lè fi ìrísí agbárí àti ojú dá ẹni tí a bí ní ọ̀daràn mọ̀. Àwọn baba wa ì bá ti bá a jiyàn, nítorí wọ́n ní orí burúkú kì í wú tuulẹ̀, a kì í sì í dá ẹsẹ̀ aṣiwèrè mọ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ pa agbárí wíwọ̀n tì, wọ́n yíjú sí ilé, iṣẹ́ àti àdúgbò tí èèyàn ti dàgbà. Ẹ̀kọ́ tó níyì ni, ṣùgbọ́n kò kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń jókòó ti aláìsàn.

Sàíkọ́lọ́jì ní ti rẹ̀ gbòòrò: bí ẹ̀dá ṣe ń ronú, bí ó ṣe ń rántí, bí ó ṣe ń bẹ̀rù. Ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ń kọ́ èèyàn ní àyẹ̀wò àti ìtọ́jú aláìsàn. Kí á má ṣe dà á pọ̀ mọ́ iṣẹ́ dókítà ọpọlọ, ẹni tó ti kọ́kọ́ di oníṣègùn, tó sì lè kọ oògùn fún aláìsàn.

Ìtọ́jú ọkàn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ni ẹ̀kẹta, òun ni mo sì fẹ́ kí àwọn òbí fara balẹ̀ gbọ́, nítorí pé ìwé nìkan kò lè kọ́ni. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan, wọ́n fi bàbá télọ̀ kan jókòó síwájú mi, tí ṣọ́ọ̀bù wọn jóná, tí wọn kò sì rí oorun sùn mọ́. Wọn kò tíì sọ̀rọ̀ tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo fi ní, "Ẹ mọ́kàn le, bàbá, Ọlọ́run á dá a padà." Wọ́n ní, "Àmín." Wọ́n fa fìlà wálẹ̀ síwájú orí, wọn kò sì sọ ohun gidi kan mọ́ títí àkókò wa fi pé.

Ọ̀gá tó ń bójú tó mi wà ní igun yàrá náà. Ó ní kí n kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí a sọ sílẹ̀, tèmi àti ti bàbá. Ó sì fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ibi tí mo ti ń tù wọ́n nínú. Ó ní, "Ẹ̀rù ló bà ọ́ níbí. Ara rẹ lò ń tù nínú." Lọ́sẹ̀ kejì, mo béèrè aago tí bàbá máa ń jí lóru. Wọ́n ní aago méjì. Mo dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n ní aago méjì náà ni ọlọ́dẹ pe àwọn pé iná ti ń jó. Ibẹ̀ ni ìtọ́jú wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun mìíràn ni èdè. Ní 1954, Adeoye Lambo, dókítà ọpọlọ tó padà di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò ní Abẹ́òkúta sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, kí ẹbí lè wà lọ́dọ̀ wọn, ó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ó mọ̀ pé èèyàn wa kì í dá ṣàìsàn. Bí aláìsàn bá ní nǹkan ń rìn òun lórí, tàbí pé orí òun gbóná, ìbéèrè tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lè má ní àyè fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá tíì fi Yorùbá tẹ́tí sí aláìsàn kò tíì parí ẹ̀kọ́ ní ìlú yìí, èrò tèmi nìyẹn.

Nítorí náà, mo kọ ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀ fún ìyá náà. Ǹjẹ́ ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní ìtọ́jú ọkàn gba ẹni tí kò ka sàíkọ́lọ́jì tẹ́lẹ̀, àbí ó ní láti kọ́kọ́ ṣe dípúlómà? Ilé ìwòsàn wo ni yóò ti kọ́ṣẹ́, oṣù mélòó sì ni? Ta ni yóò jókòó tì í, tí yóò máa ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan? Wọ́n ká ìwé náà sínú pọ́ọ̀sì wọn, wọ́n ní àwọn máa pe ọmọ lálẹ́ ọjọ́ náà kó tó san owó fọ́ọ̀mù.