Bí ìbẹ̀rù àìsàn ṣe máa ń lọ tó sì tún máa ń padà wá

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé oṣù mẹ́ta mẹ́rin á kọjá tí wọn ò ní rántí ọ̀rọ̀ àìsàn rárá, wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọn, wọ́n ń sùn dáadáa, àfi lọ́jọ́ kan tí iṣan kan á kàn fò lójú wọn tàbí kí àyà já wọn díẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, gbogbo ẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á rò pé àìsàn tó ti fara pa mọ́ látọjọ́ yìí ló fẹ́ yọjú. Ìbẹ̀rù ọ̀hún ló padà wá, ó sì ní bó ṣe ń rìn.

Ara èèyàn kì í dákẹ́. Ìfun á kùn, ìpéǹpéjú á máa fò, ọkàn á fo ìlù kan, orí á fọ́ torí oorun tí ò tó, ọ̀pọ̀ èèyàn ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ìbẹ̀rù yìí ń bá jà máa ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe pé tiẹ̀ ní láti pọ̀ ju tàwọn tó kù lọ o, ojú ẹ̀ ló wà lára ẹ̀ ṣáá. Bó bá ti mọ̀ ọ́n báyìí, ìbéèrè tó kàn ni "kí ló ń ṣe mí?", ọpọlọ á gbà pé ewu ti dé, á ní kí ara tú adrenaline, èròjà tó ń múra ara sílẹ̀ láti jà tàbí láti sá, sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré nìyẹn, ọ̀fun gbẹ, inú rú, ọwọ́ ń làágùn. Tó bá tún wá ń mí lemọ́lemọ́, carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta, á dínkù nínú ẹ̀jẹ̀, òòyì á máa kọ́ ọ, nǹkan á máa rìn ín ní ètè àti ìka ọwọ́. Nǹkan kékeré kan ló ní tẹ́lẹ̀, ó ti di mẹ́fà. Ìdí nìyí tí "kò sóhun tó ń ṣe ẹ́ jàre" kì í fi í wọ̀ ọ́ létí, torí nǹkan ń ṣe é lóòótọ́, ẹni tó bá gbé ọwọ́ lé e láyà á mọ̀ pé ó ń lù kìkìkì. Ohun tó fà á nìkan ló ṣì mú.

Yíyẹ ara wò ló máa ń tẹ̀ lé e, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì ti máa ń burú. Àwọn kókó kéékèèké wà lábẹ́ àgbọ̀n àti lọ́rùn gbogbo èèyàn, téèyàn bá ń tẹ̀ wọ́n láàárọ̀ lálẹ́ ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, á wá sọ pé ó ti ń wú. Ẹni tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní gbogbo wákàtí, ìbẹ̀rù ohun tí ẹ̀rọ fẹ́ sọ ló ń gbé nọ́ńbà yẹn sókè. Ẹ gbìyànjú kí ẹ gbé itọ́ lásán mì ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún léra kíákíá, ìkarùn-ún ò ní fẹ́ lọ mọ́, ẹni tó ń bẹ̀rù pé nǹkan hù sí òun lọ́fun ti rí ẹ̀rí nìyẹn.

Google wá ńkọ́? Ẹ kọ "orí fífọ́" síbẹ̀, omi tí ò tó lára á jáde, jẹjẹrẹ ọpọlọ náà á jáde, méjèèjì lórí ojú ìwé kan náà bíi pé ẹgbẹ́ ni wọ́n. Èwo lojú máa lọ sí?

Ó kù kó lọ gba ìdánilójú. Á ní kí ìyàwó tàbí ọkọ bá òun wò ó, á lọ bá dọ́kítà, wọ́n á ṣe tẹ́ẹ̀sì, kò sí nǹkan kan. Ara á tù ú, ìtura yẹn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ọpọlọ kọ́ níbẹ̀ ni pé bíbéèrè ló gba òun là. Ní 1986 ni Paul Salkovskis àti Hilary Warwick, àwọn méjì tó ń ṣèwádìí nípa ìbẹ̀rù yìí, ti kọ ọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ìdánilójú téèyàn ń wá kiri yìí wà lára ohun tí ò jẹ́ kí ìbẹ̀rù náà kú. Tó bá yá ìtura á ṣá: ṣé wọn ò ṣi ẹ̀jẹ̀ mi gbé fún ẹlòmíì? Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn tẹ́ẹ̀sì ló bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?

Ìgbà tó bá rọlẹ̀, ìbéèrè yẹn kàn sùn ni. Wàhálà ibi iṣẹ́, àìsùn, ikú ẹnì kan tí wọn jọ jẹ́ ẹgbẹ́, tàbí kéèyàn pé ọjọ́ orí tí bàbá ẹ̀ fi kú, èyíkéyìí lè jí i. Kò sì pọn dandan kó jẹ́ àìsàn tàtijọ́ ló máa bá jí, lọ́dún tó kọjá ọkàn ni, lọ́dún yìí ọpọlọ. DSM-5, ìwé tí àwọn dọ́kítà ọpọlọ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2013, tiẹ̀ mọ ìyẹn dájú: ó ní kí ìbẹ̀rù náà ti tó oṣù 6 ó kéré tán kí wọ́n tó kà á sí àìsàn, àmọ́ àìsàn tí wọ́n ń bẹ̀rù lè yí padà láàárín ẹ̀. Ó tún dá àwọn tó ń sá fún dọ́kítà mọ̀, àwọn tí ò jẹ́ ṣí èsì tẹ́ẹ̀sì wò láé. Ìbẹ̀rù kan náà ni.

Ìtọ́jú tó ń ṣiṣẹ́ jù ni CBT, ọ̀rọ̀ sísọ àti ìdánrawò pẹ̀lú ẹni tó mọṣẹ́. Iṣẹ́ ẹ̀ kì í ṣe láti fi hàn pé kò sí àìsàn, wọ́n ti ṣe ìyẹn títí ó ti sú wọn. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ni kéèyàn jẹ́ kí ìbéèrè wà láìdáhùn: tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ọrùn, kó sún un di wákàtí kan, lẹ́yìn náà di alẹ́, títí ìfẹ́ àtiyẹ̀ ẹ́ wò á fi rọlẹ̀ fúnra ẹ̀. Ó máa ń nira gan-an níbẹ̀rẹ̀, ìbẹ̀rù á kọ́kọ́ ga sí i. Èsì ìwádìí dọ́kítà Peter Tyrer àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tó jáde nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, èèyàn 444 ni wọ́n lò ní ilé ìwòsàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjókòó CBT 5 sí 10 péré, lẹ́yìn ọdún kan ara àwọn tó gba ìtọ́jú náà ti balẹ̀ ju tàwọn tí ò gbà á lọ. Àwọn dọ́kítà tún máa ń fún àwọn míì ní oògùn bíi fluoxetine, tí wọ́n tún fi ń tọ́jú ìsoríkọ́.

Àwọn tí nǹkan yìí ń ṣe náà lè ṣàìsàn o, ṣebí èèyàn ni wọ́n. Ìgbà tí ara bá balẹ̀ ló yẹ kí wọ́n bá dọ́kítà kan ṣoṣo fẹnu kò: àyà tó ń fún pinpin tó ń ràn lọ sápá tàbí àgbọ̀n, apá ara kan tó kú lójijì, ẹ̀jẹ̀ níbi tí kò yẹ, ìyẹn ò ní dúró, kí wọ́n lọ lójú ẹsẹ̀. Èyí tí ò le tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ di ọjọ́ tí dọ́kítà ti fi sí kàlẹ́ńdà tẹ́lẹ̀, bóyá ara dá lọ́jọ́ náà o, bóyá kò dá.