Ìdíje uptime

Ìdíje uptime ni fàájì tí àwọn olùfẹ́ kọ̀ǹpútà fi ń wo kọ̀ǹpútà ilé ta ni yóò pẹ́ jù lórí iná, láì jẹ́ pé wọ́n pa á tàbí tún un tàn. Uptime ni wọ́n ń pe iye àkókò tó ti kọjá láti ìgbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ gbẹ̀yìn. Kì í sábà sí ẹ̀bùn owó níbẹ̀. Iyì ni wọ́n ń lé. Ẹni tí tirẹ̀ ti pé ọjọ́ 400 á máa wo ẹni tó ṣì wà ní ọjọ́ 60 bí àgbà ṣe ń wo ọmọdé. Níbi tí iná ọba kì í ti í lọ, sọ́fútíwià ni ọ̀tá onídìíje. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, iná fúnra rẹ̀ ni.

Bí wọ́n ṣe ń kà á

Ọ̀dọ̀ Unix, ètò àtijọ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni kíkà yìí ti wá. Àṣẹ tó ń jẹ́ uptime kọ́kọ́ fara hàn nínú 3BSD, ẹ̀dà Unix kan tó jáde ní ìparí ọdún 1979, ó sì wà nínú Linux, ètò mìíràn tó jọ Unix, títí di òní. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ yóò rí aago tó lù, iye ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ̀rọ ti lò lórí iná, iye ènìyàn tó wọlé sórí rẹ̀, àti bí iṣẹ́ ṣe wọ̀ ọ́ lọ́rùn tó. Lórí Windows, inú Task Manager, ojú ewé tó ń fi ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe hàn, ni wọ́n ti ń wò ó.

Àyè tí ẹ̀rọ ń ka àkókò sí kì í ṣe aláìlópin. Tó bá kún, kíkà á padà sí òdo. Windows 95 àti Windows 98 ń ka mílísẹ́kọ́ńdì sínú àyè bíìtì 32, tí iye rẹ̀ jẹ́ 4,294,967,296. Ọjọ́ 49, wákàtí 17 àti ìṣẹ́jú 2 ló ń gbà kí ó kún, bó bá sì kún, kọ̀ǹpútà lè dákú pátápátá. Ọdún 1995 ni Windows 95 jáde, ṣùgbọ́n ọdún 1999 ni Microsoft tó kéde àléébù yìí. Kò yani lẹ́nu: ẹ̀rọ tí yóò lo ọjọ́ 49 láìdákú fún ìdí mìíràn kò wọ́pọ̀ nígbà náà.

Ti Linux kì í pa ẹ̀rọ, ó kàn ń dójú ti olówó rẹ̀ ni. Lórí kọ̀ǹpútà bíìtì 32 tó ń ka ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àyè náà ń kún ní ọjọ́ 497. Ẹni tó ti fi ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ṣọ́ ẹ̀rọ bí ẹni ń ṣọ́ abiyamọ á jí lówùúrọ̀, á bá òdo. Linux 2.6, tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, ló tún ìyẹn ṣe.

Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí

Àríyànjiyàn pọ̀ lórí oorun. Linux máa ń ka àkókò tí láptọ́ọ̀pù fi sùn mọ́ uptime rẹ̀. Àwọn kan ní ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́, pé ẹni tó ń sùn kò lè sọ pé òun ṣọ́ òru. Ti Windows tún ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti Windows 8 ní ọdún 2012 ni Fast Startup ti wà, tó ń tọ́jú ọkàn ẹ̀rọ, ìyẹn apá sọ́fútíwià tó ń darí gbogbo ìyókù, sórí dísìkì nígbà tí a bá pa á. Nítorí náà, ẹni tó ń pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní alaalẹ́ lè bá ọjọ́ 30 nínú Task Manager. “Restart” ló ń dá a padà sí òdo. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe màgòmágó kò nílò ìyẹn pàápàá, torí nọ́ńbà lásán ni, ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́

NEPA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972, di PHCN ní 2005. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2013, ilé iṣẹ́ IBEDC aládàáni ló ń pín iná fún ìlú náà. Orúkọ yí padà, ahọ́n ò yí padà: “NEPA ti mú iná lọ” ni wọ́n ṣì ń wí. Igbe “Up NEPA!” tó ń sọ nígbà tí iná bá dé jẹ́ ayọ̀ fún gbogbo ilé. Fún ẹni tó ní dẹ́sítọ́ọ̀pù láìní bátìrì lẹ́yìn, ìbẹ̀rẹ̀ kíkà tuntun ni. Ní àdúgbò bíi Under G àti Adéníkẹ̀ẹ́, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì LAUTECH, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, pọ̀ sí, ẹni tó bá fẹ́ wọ ìdíje yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ iná.

Ìnfátà nìkan kò tó. Páwà páàkì dẹ́sítọ́ọ̀pù tó bá ìwọ̀n ATX mu lè gbé ẹ̀rọ fún bíi mílísẹ́kọ́ńdì 16 lẹ́yìn tí iná bá lọ. Bí ìnfátà bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó gba iṣẹ́, gílóòbù á kàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, dẹ́sítọ́ọ̀pù á ti kú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi UPS, àpótí bátìrì tó ń gba iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, sí àárín méjèèjì. Láptọ́ọ̀pù kò ní wàhálà yìí, nítorí ó gbé bátìrì sínú, àyàfi tòkunbọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti kú, tí kò yàtọ̀ sí dẹ́sítọ́ọ̀pù mọ́. Bátìrì láptọ́ọ̀pù tí wọn kì í yọ kúrò lórí iná sì lè wú. Tó bá ti wú, ìdíje parí, kí olówó rẹ̀ yọ ọ́ kó tó gbiná.

Ìṣirò ló ń sọ ẹni tí yóò pẹ́. Bátìrì fóòlì 12 tó jẹ́ 100 ámpù-wákàtí ní 1,200 wáàtì-wákàtí nínú. Tó bá jẹ́ bátìrì olómi, ìdajì ni a lè lò kí ó má baà bàjẹ́ kíákíá, ìyẹn 600. Dẹ́sítọ́ọ̀pù tó ń jẹ wáàtì 80 á tán an ní nǹkan bíi wákàtí 7. Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń jẹ wáàtì 4, lè lò ó fún wákàtí 150, ó lé ní ọjọ́ mẹ́fà. Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀ ṣá: ìnfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ iná. Bí ó bá ń jẹ wáàtì 15, ọjọ́ mẹ́fà ọ̀hún á di wákàtí 31 péré. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á fo ìnfátà, á fa wáyà láti bátìrì sínú ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ fóòlì 12 di 5, á wá fi páńẹ́lì sólà máa kún bátìrì náà lọ́sàn-án.

Ojú ọjọ́ náà ní tirẹ̀. Eruku ọyẹ́ máa ń dí fáánù, ẹ̀rọ á gbóná, á pa ara rẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé pẹ̀lú àrá, ọ̀pọ̀ ilé a máa yọ gbogbo ohun tó wà lára iná, èyí tó bọ́gbọ́n mu ju uptime ẹnikẹ́ni lọ.

Àríwísí

Àwọn onímọ̀ ààbò kò fẹ́ràn àṣà yìí. Àtúnṣe tó bá kan ọkàn Linux sábà máa ń béèrè pé kí a pa ẹ̀rọ kí a tún un tàn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016, wọ́n tú àṣírí Dirty COW, ihò ààbò tó ti wà nínú Linux láti ọdún 2007. Ẹni tó ń fi uptime ọdún méjì yangàn ní ìparí ọdún yẹn, tí kò sì ní ọ̀nà mìíràn láti ṣàtúnṣe, ń fi han gbogbo ayé pé ilẹ̀kùn òun ṣì wà ní ṣíṣí ni. Ọ̀nà mìíràn ọ̀hún wà: Ksplice, sọ́fútíwià tó jáde láti Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, tí Oracle rà ní 2011, ń ṣe àtúnṣe lórí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Linux 4.0 sì gba irú rẹ̀ wọlé ní oṣù Kẹrin ọdún 2015.

Àwọn tó pẹ́ jù

Láàárín kọ̀ǹpútà orí ilẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń tọ́ka sí ni sáfà kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn, tó ń lo ètò NetWare 3.12, tí wọ́n tàn ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1996. Ọdún 2013 ni wọ́n tó pa á, lẹ́yìn ọdún 16, nítorí pé ariwo dísìkì rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Guinness World Records fi àmì ẹ̀yẹ àpẹ́jù fún kọ̀ǹpútà àṣẹ inú Voyager 2, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà tó gbéra ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 1977. Plutonium ló ń fún un ní iná, iná náà sì ń fi nǹkan bíi wáàtì 4 dín kù lọ́dọọdún. Nítorí náà ni NASA ṣe ń pa àwọn ohun èlò inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, wọ́n pa èyí tó ń wọn plasma, ìyẹn gáàsì tó ní iná mànàmáná nínú, kí iná tó kù lè gbé ìyókù.