Ìtàn interferon: ẹyin adìyẹ ló ti jáde

Ọmọ Ifẹ̀ ni mí, mo sì gbọ́ ìtàn adìyẹ oníka márùn-ún tó tan iyẹ̀pẹ̀ sórí omi kí ilẹ̀ tó wà. Ẹ má bínú bí mo bá ń ṣègbè fún adìyẹ nínú ìtàn interferon, oògùn tó ń ta ara jí láti bá fáírọ́ọ̀sì jà.

Àwọn òpìtàn máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Jenner, dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kọ ọ́ ní 1804 pé àjẹsára ìgbóná (smallpox) kì í mú ẹni tí herpes, àrùn tó ń yọ roro sí awọ, wà lára rẹ̀ dáadáa. Àrùn kan ń dí èkejì lọ́nà. Èmi ò gbà pé òun ló kọ́kọ́ rí i. Ìlú tó ń sin Ọbalúayé láti ìwáṣẹ̀, tí wọ́n ń pe àrùn rẹ̀ ní ilẹ̀ gbígbóná kí wọ́n má baà dárúkọ rẹ̀, tí ìdílé ẹni tó bá pa gbọ́dọ̀ dúpẹ́ dípò kí wọ́n sunkún, ṣé àwọn oníṣègùn ibẹ̀ kò ní kíyè sí ọmọ tí àìsàn kan ti mú, tí èyí tó ń jà ládùúgbò wá fò ó dá? Lójú tèmi, wọ́n rí i. Wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Ní 1957, ní Mill Hill nílùú Lọ́ńdọ̀nù, Alick Isaacs àti Jean Lindenmann mú awọ inú ẹyin adìyẹ tó ti ń di ọmọ, wọ́n fi fáírọ́ọ̀sì ọ̀fìnkìn tí wọ́n ti fi ooru pa kàn án. Awọ náà tu nǹkan sínú omi. Wọ́n gbé omi yẹn kan awọ mìíràn, fáírọ́ọ̀sì tó wà láàyè kò sì rọ́nà bí sí i níbẹ̀. Nǹkan tí awọ tu yẹn ni wọ́n pè ní interferon. Nagano àti Kojima ní Japan ti ròyìn ohun tó jọ ọ́ ní 1954, ṣùgbọ́n awọ ehoro ni wọ́n lò. Ehoro kọ́ ló tan ilẹ̀.

Onímọ̀ sáyẹ́nsì Kari Cantell ń fa interferon tirẹ̀ jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ èèyàn ní Helsinki. Nígbà tó di 1980, Charles Weissmann, onímọ̀ sáyẹ́nsì mìíràn, ti mú kí bakitéríà máa ṣe é. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1986 fún irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, ní 1991 fún àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis C, ní 1992 fún hepatitis B.

Ó ṣiṣẹ́ fún àwọn kan, kò ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀. Abẹ́rẹ́ oṣù gbọọrọ ni, pẹ̀lú ibà, ara ríro, irun jíjá àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le débi pé dókítà ní láti máa ṣọ́ni. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ jù kò gbọdọ̀ gbà á. Kò gba ẹ̀mí àwọn tí kòrónà dá dùbúlẹ̀ sí ọsibítù là nínú ìdánwò tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ṣe. Lónìí, oògùn oníhóró ló gbapò rẹ̀ fún hepatitis C, bẹ́ẹ̀ náà ni tenofovir fún B.

Ẹni tó bá ń wá a kiri Lágere ní Ifẹ̀ láti fi lé ọ̀fìnkìn lọ, kó mọ̀ pé interferon tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe wà lára ohun tó ń fa ibà àti ara ríro tó ń bá a fà yẹn.