Bréèsì: igi dídagun tí kì í jẹ́ kí àgọ́ fì

Ẹ ti ri òpó mẹ́rin mọ́lẹ̀, ẹ ti gbé igi ìdábùú lé wọn lórí, ẹ kàn án pa, gbogbo ẹ̀ dúró ṣánṣán. Ẹ wá fọwọ́ ti òpó kan láti ẹ̀gbẹ́ báyìí, odindi àgọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún sósì. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ìṣó ni ò tó, wọ́n á tún kó ìṣó sí i títí igi á fi là. Kì í ṣe ìṣó o, bréèsì ló kù.

Bréèsì ni igi tí wọ́n ń kàn ní dídagun láàárín òpó àti igi ìdábùú, tàbí láti ìsàlẹ̀ òpó kan lọ sókè òpó kejì. Òpó ló ń gbé ẹrù òrùlé wálẹ̀, iṣẹ́ ti bréèsì ni pé kí òpó má yẹ̀.

Kó lè yé yín, ẹ mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin, ẹ fi ìṣó kọ̀ọ̀kan so orí wọn pọ̀ kó di onígun mẹ́rin, tẹ́ ẹ bá tì í, wẹ́rẹ́ ló máa wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ igi kankan ò kán, ìṣó kankan ò yọ, igun ẹ̀ nìkan ló yí padà. Ẹ wá fi igi mẹ́ta ṣe onígun mẹ́ta, kẹ́ ẹ tì í. Kò ní mì! Torí kí igun ẹ̀ tó lè yí, àfi kí igi kan gùn sí i tàbí kó kúrú, igi ò sì ń nà bíi rọ́bà. Bréèsì ń gé onígun mẹ́rin sí onígun mẹ́ta ni, ibẹ̀ ni agbára ẹ̀ wà.

Tó bá jẹ́ bréèsì kékeré abẹ́ igun lẹ fẹ́, ẹ wọn fíìtì 2 wálẹ̀ lára òpó, ẹ wọn fíìtì 2 lọ lára igi ìdábùú, igi tó máa so ibi méjèèjì á tó fíìtì 2 àti ínṣì 10, á sì dagun ní digírì 45. Ìṣó méjì ó kéré tán ní orí kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kàn án sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo o, torí bréèsì tó wà níwájú ò lè dí ìjì tó ń ti àgọ́ síwá sẹ́yìn lọ́wọ́, pàápàá tó bá jẹ́ tapólì lẹ fi bò ó, atẹ́gùn á kún inú ẹ̀ bí ìgbòkun ni.

Ohun tó dùn mí jù níbi iṣẹ́ yìí rí ni pé mo kàn bréèsì kí n tó wọn igun. Bí àgọ́ bá ṣe wọ́ ni bréèsì ṣe máa tì í pa, gbogbo ẹ̀ ni mo tú. Ẹ kọ́kọ́ wọn fíìtì 3 lápá kan igun, fíìtì 4 lápá kejì, tí àárín àmì méjèèjì bá pé fíìtì 5 géérégé, igun yẹn gún, ẹ lè wá kàn án.

Bẹ́ ẹ bá sì ṣe ń gbé òpó dúró náà ni kẹ́ ẹ ti máa fi pákó èyíkéyìí kàn bréèsì onígbà díẹ̀ sí i, ẹ má yọ ọ́ títí tí gidi á fi wọlé, torí ìgbà tí ẹnì kan bá gun òkè lọ kan òrùlé gan-an ni àgọ́ tí ò ní bréèsì máa ń wó.